Àrò: Bí Ilé Àgbẹ̀ Ṣe Di Ilé Ìwòsàn

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, ní ẹ̀yìn ìlú Abẹ́òkúta, ibì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ti kọjá orúkọ abúlé lásán, tí àwọn ènìyàn ti sọ di èébú ní ọjà àti ní ibùdókọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò bá ti ẹlòmíràn mu, kíá ni wọn yóò bi í bóyá Àrò ni ó ti sá wá. Èébú náà kò tọ́, ó sì ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa ń gbà á lẹ́nu àgbà láìgba ìtàn mọ́ ọn. Nítorí Àrò yìí gan-an ni ibi tí ọmọ Yorùbá kan, pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ àti apẹja, ti fi han gbogbo àgbáyé, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, pé ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ kò gbọdọ̀ jìnnà sí ilé ẹni, kò sì gbọdọ̀ wọ́n ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ, n ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìdí, kí a lè mọ ohun tí ó wà nílẹ̀ kí Àrò tó dé.

Àwọn baba wa ti mọ àìsàn ọpọlọ kí òyìnbó tó tẹ èbúté Èkó. Wọ́n mọ wèrè tí ó ń rìn ìhòòhò kiri ìgboro, wọ́n sì mọ wèrè aláṣọ tí ó jókòó sílé tí ó ń dá sọ̀rọ̀; wọ́n mọ àbísínwín tí í kọ lu ìyálọ́mọ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀; wọ́n mọ èyí tí ń tọ ìdílé láti ìran dé ìran, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n gbà pé ọmọ aráyé ni ó fi ṣe ènìyàn. Wọ́n mọ ìnira rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ni wọ́n kúkú sọ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nítorí náà ni ẹbí kì í fi í jáfara bí ọ̀ràn náà bá ṣẹlẹ̀, pàápàá nítorí ìgbàgbọ́ pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà, àwòsàn rẹ̀ di ohun tí ó ṣòro: àwọn ọkùnrin alágbára a di aláìsàn mú, ìyá a di ẹrù, bàbá a wá owó, wọn a sì kọrí sí agboolé oníṣègùn tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ náà.

Nínú irú agboolé bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni oníṣègùn lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyá tàbí ìyàwó aláìsàn ni ó sì máa ń dáná fún un. Oníṣègùn a fún un ní àgbo tí í mú un sùn, egbò asofẹ́yẹjẹ sì sábà máa ń wà nínú àgbo náà. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníṣègùn ṣe iṣẹ́ ilé àti ti oko. Nígbà tí ó bá sì yá tán, wọn a mú un lọ sí etí odò, wọn a fá irun orí rẹ̀, wọn a fi ẹyẹlé ṣe ètùtù, wọn a sì jẹ́ kí omi gbé aṣọ tí ó fi ṣàìsàn lọ, kí àrùn náà má baà mọ ọ̀nà ilé padà. Èmi kò ní bo apá kejì ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ṣẹkẹṣẹkẹ wà ní agboolé yẹn, àbà wà, pàṣán wà, àwọn tí ó sì pẹ́ nínú ìdè ju bí ó ti yẹ lọ kò níye. Ìyà ni, a kò sì gbọdọ̀ pè é ní orúkọ mìíràn. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí ilé tí ìjọba òyìnbó kọ́ lẹ́yìn náà kò ní: aláìsàn kò kúrò láàárín àwọn tí ó mọ orúkọ àbísọ rẹ̀ tí wọ́n sì lè fi oríkì rẹ̀ kí i ní òwúrọ̀.

Ní ọdún 1904 ni ìjọba dá ilé àwọn wèrè sílẹ̀ ní Kàlàbá, ní ọdún 1907 ni ti Yábàá ní Èkó ṣí. Kí òpópónà lè mọ́, kí àwọn aláìsàn tí ń jà má baà ṣe ará ìlú léṣe, ni olórí ìdí tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ìwòsàn kò sí nínú ètò náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sì sí dókítà kankan tí ó kọ́ṣẹ́ àìsàn ọpọlọ ní pàtó tí ń gbé inú wọn. Ògiri gíga, ìlẹ̀kùn onírin, yàrá tí ó há, ẹ̀ṣọ́ tí kò yàtọ̀ sí wọ́dà: bí wọ́n ti rí nìyẹn. Àwọn tí ààyè kò gbà ní Yábàá, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kó wọn sí, nínú iyàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn láàárín olè àti apànìyàn. Ẹ wo bí ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti jìnnà sí ẹni tí ó ni aláìsàn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn ní Ìlá tàbí ní Òkìtìpupa, báwo ni yóò ṣe máa dé Èkó lọ wò ó? Bí wọ́n bá ti mú un lọ, ó di ẹni tí a ń fi ẹnu ròyìn, nígbà tí ó bá sì pẹ́, àwọn ará ilé a pín oko rẹ̀, ìyàwó a wá ọkọ mìíràn, ààyè rẹ̀ nínú ilé a sì dí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá, kò ní ibi tí yóò padà sí mọ́.

Abẹ́òkúta wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sójú ogun, àwọn kan nínú wọn padà wá pẹ̀lú ọkàn tí ogun ti fọ́, ìjọba sì ní láti wá ibi tí yóò fi wọ́n sí. Ní ọdún 1944, ní Lántòrò, nínú ọgbà tí ó ti jẹ́ ti ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ṣètò ibùdó kan fún wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ kékeré yìí ni èrò láti kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí Àrò, tí kò jìnnà síbẹ̀, ti gbèrú.

Ọkùnrin tí ó wá sọ Àrò di Àrò, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Wọ́n bí Thomas Adéoyè Lambo ní ìlú abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1923, ó kàwé ní Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó lọ sí Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba oyè dókítà ní ọdún 1948, lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìwòsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, òun yan iṣẹ́ yìí láàyò. Nígbà tí ó padà dé, tí wọ́n fi Àrò lé e lọ́wọ́ ní ọdún 1954, ilé ìwòsàn náà kò tí ì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sí ọ́fíìsì kan, kí ó máa kọ lẹ́tà sí ìjọba láti béèrè ìgbà tí àwọn kọ́ńtírákítọ̀ yóò parí iṣẹ́. Lambo wo àyíká rẹ̀. Abúlé mẹ́rin ni ó yí ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà ká, àwọn àgbẹ̀ àti apẹja ni ń gbé inú wọn, wọ́n ní ilé, wọ́n ní yàrá, wọ́n ní ìlànà àgbà tí wọ́n fi ń pa àlàáfíà mọ́. Ó tọ̀ wọ́n lọ, ó bá àwọn baálẹ̀ àti àgbààgbà sọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn òun sínú ilé wọn.

N ó dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni gbogbo ọgbọ́n náà wà. Òfin àkọ́kọ́ tí Lambo ṣe ni pé kò sí aláìsàn tí yóò dá wá: ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó tàbí ọmọ tí ó ti dàgbà, ẹni náà ni yóò sì máa sè fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ tí yóò sì máa mú un padà sí abúlé ní ọ̀sán. Àwọn méjèèjì a gba yàrá lọ́wọ́ onílé kan ní abúlé. Ní ilé ìwòsàn, aláìsàn a rí dókítà àti nọ́ọ̀sì, a gba oògùn àti abẹ́rẹ́ ìgbàlódé, a sì gba irú ìtọ́jú tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbà ní ìgbà yẹn. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, dípò kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, inú ilé tí adìẹ ń jẹ̀ ní àgbàlá, tí ọmọdé ń ṣeré níwájú rẹ̀, ni ó ń padà sí. Àwọn tí ó lè ṣiṣẹ́ a bá onílé lọ sí oko. Bí ijó bá wà, bí ọdún bá dé, wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀wù ilé ìwòsàn tí ó sọ gbogbo ènìyàn di ẹyọ kan kò sí. Olúkúlùkù wọ aṣọ ti rẹ̀.

Lambo kò sì ba ìwà àlejò jẹ́ nípa kí ó máa gba oore láìsan án. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó kí wọ́n lè mú ilé wọn gbòòrò, wọ́n fa omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, àwọn òṣìṣẹ́ wọn gbógun ti ẹ̀fọn, wọ́n sì gba àwọn kan lára wọn síṣẹ́. Báyìí ni abúlé tí ì bá bẹ̀rù àlejò wèrè fi di abúlé tí ń jàǹfààní rẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń kọ́ bí a ti ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láìpariwo mọ́ ọn, láìfi í ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ owó sì dáhùn ara rẹ̀. Ohun tí ó ń mú kí ilé ìwòsàn ọpọlọ wọ́n ni ibùsùn, wọ́ọ̀dù, ilé ìdáná, ìfọṣọ, àti ẹ̀ṣọ́ tí yóò jí ní gbogbo òru. Ní Àrò, àwọn ará ilé ni ó ru apá tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù wọ̀nyí, tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n sì ṣe é dáradára ju òṣìṣẹ́ tí ń wo aago lọ. Owó tí ìjọba ì bá fi kọ́ wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lè tọ́jú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn nípa ọ̀nà abúlé.

Àwọn kan a sọ pé irú rẹ̀ ti wà rí, wọn a sì tọ́ka sí ìlú Geel ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí àwọn onílé ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Òtítọ́ ni, ó sì yẹ kí a bu ọlá fún àwọn ará Geel. Ṣùgbọ́n ní Geel, ọ̀dọ̀ àlejò ni aláìsàn ń gbé. Ní Àrò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó bá a wá. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré rárá, nítorí ìyá tí ó ti wà níbẹ̀ tí ó rí bí nọ́ọ̀sì ti ń ṣe é, tí ó mọ oògùn tí ọmọ ń lò àti àmì tí àìsàn náà fi ń bẹ̀rẹ̀, yóò mú ìmọ̀ náà lọ sílé, àti pé nígbà tí aláìsàn bá padà sí ìlú rẹ̀, ààyè rẹ̀ kò tí ì dí.

Ìgbésẹ̀ tí ó mú àríwísí púpọ̀ jù wá ni pé Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti apá oríṣiríṣi ní Nàìjíríà, nǹkan bí méjìlá wọn, ó gbà wọ́n síṣẹ́, ó sì fi ìṣàkóso ìgbé ayé àwọn aláìsàn ní abúlé lé wọn lọ́wọ́: eré, ìpàdé, ayẹyẹ, ìgbìmọ̀ràn. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bínú, wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ ìṣègùn padà sẹ́yìn. Ó dá mi lójú pé Lambo ni ó jàre. Ẹni tí ó gbà pé àwọn ìyá àjẹ́ ni ó ń bá òun jà, bí dókítà bá tilẹ̀ fún un ní gbogbo oògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rù kò ní kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí yóò fi rí ẹni tí ó gbọ́ èdè ẹ̀rù náà; àgbà oníṣègùn sì gbọ́ ọ. Oògùn wọn pàápàá kò ṣeé fojú di. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Àrò ní apá ìparí ọdún 1950 sí 1960, ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣègùn Yorùbá, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti ń fi asofẹ́yẹjẹ mú aláìsàn rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí Àrò bẹ̀rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ oògùn reserpine, tí òun náà ń mú aláìsàn rọlẹ̀, láti ara igi ìbátan asofẹ́yẹjẹ tí ó wà ní ilẹ̀ Íńdíà.

Ìgbà náà kò rọrùn fún aláwọ̀ dúdú tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ. Ní ọdún 1953, ọdún kan kí Lambo tó gba Àrò, J. C. Carothers, dókítà òyìnbó tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, gbé ìwé kan jáde láti ọwọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú èyí tí ó fi ọpọlọ ọmọ Áfíríkà wé ti òyìnbó tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gé ìsopọ̀ apá iwájú ọpọlọ rẹ̀. Lambo fi kálàmù já irọ́ náà, ṣùgbọ́n èsì tí ó lágbára jù tí ó fún un ni iṣẹ́ Àrò fúnra rẹ̀. Láìpẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton jẹ́ olórí wọn, wá bá a ṣe ìwádìí nípa àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961 sì ni àwọn oníwòsàn ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà àti láti òkèèrè pé jọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Fann ní Dàkáà, níbi tí Henri Collomb jẹ́ olórí, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ń jẹ́ kí ìbátan aláìsàn bá a gbé, bí wọ́n ti ń ṣe ní Àrò.

Ní ọdún 1963, Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, Tọlání Asúnì sì gba ipò rẹ̀ ní Àrò, ó sì di iṣẹ́ náà mú ṣinṣin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lambo di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968 sí 1971, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, níbi tí ó ti di igbákejì ọ̀gá àgbà. Ó papò dà ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n ètò abúlé náà, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dínkù. Ilé ìwòsàn parí, wọ́ọ̀dù ń pọ̀ sí i, ìgboro Abẹ́òkúta ń gbòòrò bọ̀ wá bá àwọn abúlé, ìbátan tí ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan láti bá aláìsàn gbé ń ṣọ̀wọ́n, àwọn aláìsàn tí ilé wọn jìnnà sì ń pọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni wí fún ìyẹn. Ayé yí padà. Ohun tí ó yẹ kí a bá ara wa wí fún ni pé a jẹ́ kí ọgbọ́n inú rẹ̀ bá a lọ. A padà sí bí ti Yábàá àtijọ́ ní ọ̀nà kan: ìwọ̀nba ilé ìwòsàn ńlá ní ìwọ̀nba ìlú, tí ẹni tí ó wà ní oko jíjìn gbọ́dọ̀ fi owó ọkọ̀ àti owó oògùn wá, láti inú àpò ara rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn kan kò sùn. Láti nǹkan bí ọdún 2011, Àrò fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní bí wọn yóò ṣe dá àárẹ̀ ọkàn, wèrè àti wárápá mọ̀, tí wọn yóò sì fún aláìsàn ní oògùn rẹ̀ ní ìtòsí ilé rẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Àrò ń bẹ̀ wọ́n wò. Ìyẹn ni ọgbọ́n Lambo tí ó wọ aṣọ tuntun. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a gbọ́ pé ààrẹ ìgbà náà ti fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún Nàìjíríà, èyí tí ó rọ́pò òfin àwọn wèrè ti ọdún 1958, òfin tí ó bá àwọn ògiri gíga ayé àtijọ́ mu. Òfin tuntun náà dára, ó sì ti pẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ọpọlọ tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó 300 fún àwọn ènìyàn tí ó ju igba mílíọ̀nù lọ, a sì rí wọn tí wọ́n ń di ẹrù wọn lọ sí òkè òkun lójoojúmọ́. Bí a bá ní kí á dúró de dókítà kan fún ìlú kan, àwọn aláìsàn tí wọ́n so mọ́ igi lẹ́yìn ilé àdúrà àti lẹ́yìnkùlé oníṣègùn lónìí yóò kú sínú ìdè.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà ìlera, ẹ fi oògùn àìsàn ọpọlọ, èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, sí gbogbo ilé ìlera alábọ́ọ́dé, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan tí ó kọ́ ọ wà níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ètò ìlera adójútòfò gba owó rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àfáà, ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ tú ṣẹkẹṣẹkẹ, kí ẹ sì bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣe pọ̀ bí àwọn méjìlá ti Àrò ti bá Lambo ṣe. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín, ẹ má fi í pamọ́, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́, ẹ mú aláìsàn yín lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín jù, bí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ fún dókítà nìkan: ẹ jókòó tì í.